Òfin púùlù ilé àjọgbé: kí ni ká kọ, báwo ni a ó sì ṣe mú un ṣẹ?

Akọ̀wé Ilé, Lẹ́kkí

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Fúláàtì méjìdínlógún ló wà nínú ilé tí à ń gbé ní Lẹ́kkí, púùlù kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìnkùlé tí gbogbo wa jọ ń lò. Ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ní kí n kọ òfin tuntun wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, nítorí pé pátákó kan ṣoṣo ni òfin tó wà nílẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ sára rẹ̀ kò ju pé ẹni tó bá wọ omi, ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà. Ìyẹn lè gba onílé sílẹ̀ nílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì mọ̀wé kà lọ́wọ́ omi. A kò lówó tí a ó fi gba òmùwẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ ibẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bi yín pé, bí ẹ bá fẹ́ mú òfin díẹ̀ péré tí àwọn ará ilé yóò lè pa mọ́ lóòótọ́, èwo ni ẹ ó mú, èwo ni ẹ ó sì fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹjà

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹ tó mú gègé, ẹ kọ́kọ́ rìn yí omi náà ká, kí ẹ sì wò ó bóyá ọmọ ọdún méjì lè dé etí rẹ̀ láìjẹ́ pé àgbàlagbà kan ṣílẹ̀kùn fún un. Bó bá lè débẹ̀, òfin yòówù tí ẹ bá kọ, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí ọgbà irin yí omi náà ká ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ga tó mítà kan àti ogún sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, kí àlàfo àárín irin kan sí èkejì má sì ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ, kí ọmọ má baà gba ibẹ̀ wọlé. Géètì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa padà sí àyè ara rẹ̀, kí ìkọ́ rẹ̀ sì máa há fúnra rẹ̀. Ìta ló yẹ kó máa ṣí sí, kì í ṣe ìhà omi, kó lè jẹ́ pé bí ọmọ bá fara tì í láti ìta, ṣe ni yóò tún padé sí i.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba ọgbà yìí jẹ́ ní àwọn ilé wa. Èkíní ni pé ara ilé gan-an ni wọ́n máa ń fi ṣe ìhà kẹrin, tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná fúláàtì ìsàlẹ̀ yóò sì ṣí tààrà sí etí omi. Àwọn tó ń gbé inú fúláàtì yẹn kò ní ọgbà kankan, bó ti wù kí irin ìhà mẹ́ta yòókù dára tó, àfi kí ẹ fa irin gba iwájú ilẹ̀kùn wọn kọjá. Èkejì ni ohun tí à ń kó ti ọgbà: ìkòkò òdòdó, àga oníke, ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n gbé kalẹ̀ sẹ́yìn ògiri. Ọmọ tó bá ti rí ohun tó lè gùn kò bá géètì dá nǹkan pọ̀ mọ́.

Mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi búlọ́ọ̀kù di géètì mú ní ṣíṣí nígbà àríyá. Nítorí àwo oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wọlé gbé jáde ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọmọdé máa ń pọ̀ jù lọ ní àgbàlá.

Ọmọ Abẹ́òkúta, Houston

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ bá òfin ibí mu. Ní ìpínlẹ̀ Texas, orí 757 nínú ìwé òfin ìlera àti ààbò wà fún púùlù àwọn ilé àjọgbé tí wọ́n ń háyà àti ti ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ó ní kí ọgbà má kéré sí íǹṣì 48, kí bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́rin má lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí géètì máa ti ara rẹ̀, kó sì ṣí síta. Ìkọ́ géètì ní láti wà ní íǹṣì 60 sókè láti ilẹ̀, ó kéré tán, àyàfi bó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́, káàdì tàbí nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣí i, nígbà náà ó lè wà ní íǹṣì 42. Mo to iye wọ̀nyí sílẹ̀ kí Akọ̀wé lè ní òṣùwọ̀n tí yóò lé wẹ́lídà lọ́wọ́. Bí ẹ bá kàn ní kí wẹ́lídà ṣe ọgbà tó dára fún yín, irin olódòdó ni yóò ṣe, ọmọ yóò sì máa fi òdòdó náà ṣe àtẹ̀gùn.

Ẹnìkan kò tíì dárúkọ ihò ìsàlẹ̀ omi tí pọ́ǹpù fi ń fa omi. Ní ọdún 2002, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan, Virginia Graeme Baker, kú sínú agbada omi gbígbóná nítorí pé agbára ihò náà dì í mọ́ ìsàlẹ̀, tí ìyá rẹ̀ fà á títí tí kò kúrò. Ọmọ-ọmọ James Baker ni, ọmọ ìlú Houston níbí, ẹni tó ti jẹ́ alákòóso ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà. Ìyá ọmọ náà kò sinmi títí òfin fi jáde ní ọdún 2007, orúkọ ọmọ náà ni wọ́n sì fi pe òfin náà. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2008, gbogbo púùlù tí ará ìlú jọ ń lò ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ìdérí ihò tí kò lè di ènìyàn mú.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wẹ̀ dáadáa wo ìdérí tiyín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa pọ́ǹpù. Bó bá pẹlẹbẹ, tó ti fọ́, tàbí tí ìdè rẹ̀ ti ń mì, kí ẹnikẹ́ni má wọ omi mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ihò méjì tó jìnnà síra sàn ju ẹyọ kan lọ, nítorí pé bí ara ènìyàn bá dí ọ̀kan, omi yóò máa gba èkejì. Ẹ sì kọ ọ́ sí òfin pé kí àwọn ọmọbìnrin tó dirun gígùn, pàápàá àwọn tó fi àtàṣímẹ́ǹtì sí i, wé e mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó wọ omi. Ibi tí wọ́n ti ń pa pọ́ǹpù kò gbọdọ̀ jẹ́ àṣírí láàárín mégáàdì àti olùtọ́jú omi nìkan.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé, Ìbàdàn

Gbogbo ohun tí ẹ ti sọ dára, ṣùgbọ́n ọgbà kò wúlò fún ọmọ tí àgbàlagbà ti mú wọlé tán. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí.

Ẹni tó ń rì kì í pariwo. Bí ẹnu rẹ̀ bá yọ lójú omi, èémí ló ń wá, kò rí àyè ké. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ omi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè nà án sókè láti pe ènìyàn. Lójú ẹni tó jókòó sí etí omi, ó lè dà bíi pé ọmọ náà ń ṣeré, kí ìṣẹ́jú kan sì tó pé, ó ti lọ sísàlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi káàkiri ayé ní ọdún 2021, ọ̀kan nínú mẹ́rin wọn ni kò sì tíì pé ọdún márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí òfin tó ní "kí àwọn òbí máa wo ọmọ wọn" kò fi tó. Níbi tí àgbàlagbà mẹ́wàá bá jókòó sí, olúkúlùkù yóò rò pé ẹlòmíràn ń wò.

Òfin tí mo bá kọ bí mo bá jẹ́ Akọ̀wé nìyí: kí káàdì kan wà tí wọ́n so okùn mọ́, kí ẹni tó bá fi kọ́rùn jẹ́ olùṣọ́ omi ní àkókò yẹn. Ẹni tó fi káàdì kọ́rùn kò gbọdọ̀ mutí, kò gbọdọ̀ wo fóònù, kò gbọdọ̀ dáná súyà, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi bó bá fi káàdì náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí onítọ̀hún sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun ti gbà á. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, nítorí pé ojú máa ń rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó gba káàdì, kí ọmọdé kankan má wọ omi. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ àgbàlagbà tó wà nínú omi pẹ̀lú rẹ̀ yóò ti tó o. Rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ sọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ohun ìgbẹ̀mílà. Nǹkan ìṣeré ni, ó lè bọ́, ó lè jò.

Ẹ fòfin de ìdíje ta ni yóò pẹ́ jù lábẹ́ omi. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wẹ̀ dáadáa ni ìyẹn ń pa, nítorí pé bí wọ́n bá ti mí kíákíá lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó rì ara wọn, dákú ni wọ́n máa dákú láìjẹ́ pé ara sọ fún wọn pé èémí ti tán.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ má bẹ́ sómi. Kí ó na ọ̀pá gígùn sí onítọ̀hún, tàbí kí ó ju okùn àti rọ́bà olóbìrípo tí kò gbọdọ̀ kúrò lára ògiri púùlù sí i. Tí wọ́n bá ti gbé e jáde, ẹ má dì í lẹ́sẹ̀ mú kí orí wá sísàlẹ̀, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Àṣà yẹn ń jẹ àkókò tí a fi ń gba ẹ̀mí là. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún títí àyà rẹ̀ yóò fi gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lọ́gbọ̀n ìgbà, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fẹ́ èémí méjì, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi mí tàbí tí olùrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Kí ẹlòmíràn ti máa pe 112 tàbí 767 ní Èkó. Ẹni tí a bá gbà là, bó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, kó dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè yọ wàhálà jáde ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Àgbà, Súrùlérè

Ẹ ṣeun o, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ máa rántí pé owó ìtọ́jú ilé tí àwọn ènìyàn ń san, apá kan rẹ̀ jẹ́ ti púùlù yìí. Bí òfin bá pọ̀ jù, wọn yóò máa fò ó. Ní tèmi, ohun mẹ́rin péré ni mo lè fọwọ́ sí: kí wọ́n ti géètì láti aago méje alẹ́ títí di aago méje àárọ̀, kí ìgò má wọ àgbàlá púùlù rárá, kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ má sì mú ọmọ ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí àlejò má ju méjì lọ fún fúláàtì kan, àfi bí wọ́n bá ti sọ fún Akọ̀wé ṣáájú.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹjà

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Mo fara mọ́ ti géètì àti ti ìgò, nítorí pé àfọ́kù ìgò kò ṣeé rí nínú omi. Ti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo fẹ́ kí a tún wò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àwọn ni wọ́n wà pẹ̀lú ọmọ láti àárọ̀ títí àwọn òbí yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Bí òfin bá ní kí wọ́n má dé ibẹ̀ nìkan, tí a kò kọ́ wọn ní ohunkóhun, ọjọ́ tí ọmọ bá sá wọ ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn kò ní mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹlòmíràn nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni òun náà. Ọmọ ni ká kà á sí, kì í ṣe olùṣọ́. Ẹ jẹ́ kí òfin sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún kò lè gba káàdì tí Nọ́ọ̀sì sọ, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ onílé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Kí ẹ sì pe àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ àti mégáàdì pọ̀ mọ́ ara yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ èémí sí ènìyàn lẹ́nu.

Oníwáyà, Ọ̀tà

Mo rí i pé ẹ kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Iná tó wà nínú omi púùlù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti fólítì 12 (12V), kí ẹ̀rọ tó ń sọ iná ńlá di kékeré náà sì jìnnà sí omi. Pọ́ǹpù àti gbogbo iná àgbàlá ibẹ̀ ní láti gba ara bíréékà tí ń gé iná bí iná bá ń jò, èyí tí wọ́n kọ 30mA sí lára. Bíréékà lásán kò lè gba ènìyàn, wáyà ló ń gbà. Ibi tí mo ti ń rí ewu jù ni ilé tó ní jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà: nígbà tó bá jẹ́ iná ìjọba, áàtì (wáyà tó wọ inú ilẹ̀) pé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yí i sí jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ náà kò ní áàtì kankan, bíréékà tó yẹ kó gé kò sì ní gé. Ẹ ní kí oníṣẹ́ dán bíréékà náà wò lórí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe lórí ẹyọ kan.

Bí ara bá ń ta ẹnikẹ́ni nínú omi tàbí níbi irin àtẹ̀gùn rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jáde láìfọwọ́ kan irin náà, kí wọ́n pa iná láti orísun, kí omi náà sì wà ní títì títí oníṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí iná bá gbé nínú omi, ẹ má bẹ́ lé e. Ẹ pa iná ná. Ẹ kọ̀ fún àwọn olórin láti fa wáyà gba ẹsẹ̀ púùlù. Tí ààrá bá sì ti ń sán, kí omi ṣófo.

Akọ̀wé Ilé, Lẹ́kkí

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ló kù: bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, tí a kò sì fẹ́ fi epo jẹnẹrétọ̀ tan pọ́ǹpù, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí àwọn ènìyàn máa wẹ̀ nínú omi náà?

Olùtọ́jú Púùlù, Àjàh

Akọ̀wé, ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀ o. Bí pọ́ǹpù kò bá yí omi, kílórììnì kò ní dé gbogbo ibi, oòrùn yóò sì máa jẹ èyí tó wà lójú omi. Òfin tí mo fẹ́ kí ẹ fi sára géètì ni pé, kí wọ́n tó ṣí i lárààárọ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró sí etí ibi tó jìn jù lọ kí ó sì wo ìdérí ihò ìsàlẹ̀. Bí kò bá rí i kedere, púùlù wà ní títì, ì báà jẹ́ ọjọ́ ọdún. Omi tó ti di àwọ̀ ewé lè fi ọmọ pamọ́ sísàlẹ̀ níṣojú gbogbo àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó fi ohun ìdánwò wo kílórììnì àti pH (òṣùwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe ní àsìdì sí): kí kílórììnì wà láàárín 1 sí 3 nínú mílíọ̀nù kan, kí pH wà láàárín 7.2 sí 7.8, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ará ilé èyíkéyìí lè ṣí wò. Bí pH bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kílórììnì tí ẹ rà lówó gọbọi kò ní ṣiṣẹ́. Òórùn líle tí àwọn ènìyàn ń rò pé ó jẹ́ àmì omi tó mọ́, ìtọ̀ àti òógùn tó dà pọ̀ mọ́ kílórììnì ló ń fà á; nítorí náà, kí olúkúlùkù fi omi ṣan ara kí ó tó wọlé. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe kò gbọdọ̀ wọ omi àjọlò rárá. Bí ó bá ya sínú rẹ̀, ẹ lé gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹ sì pè wá, nítorí pé kòkòrò kan wà tí kílórììnì ojoojúmọ́ kò lè pa kíákíá.

Kẹ́míkà náà fúnra rẹ̀ nílò òfin. Kí iyàrá tí wọ́n ń kó o sí ní kọ́kọ́rọ́ àti afẹ́fẹ́, kí kílórììnì àti àsìdì má jókòó pọ̀ lórí pákó kan, nítorí pé bí wọ́n bá dà pọ̀, gáàsì tó ń pa ènìyàn ló ń jáde. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù sínú garawa kí wọ́n tó da kẹ́míkà lé e. Ẹ má jẹ́ kí mégáàdì ṣe é lódìkejì, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó fi síbí kan náà bù méjèèjì. Tí wọ́n bá da kẹ́míkà sómi lálẹ́, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ títí wọ́n yóò fi tún dán an wò láàárọ̀.

Nítorí pé Lẹ́kkí ni ilé yín, mo fi ọ̀kan kún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́n omi púùlù tán ní àkókò òjò torí pé ó fẹ́ fọ̀ ọ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè níbẹ̀, òun ló ń ti agbada púùlù náà sókè látìsàlẹ̀, omi inú rẹ̀ ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́n ọn tán, ó lè là tàbí kí ó gbéra kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú táìsì àti páìpù rẹ̀. Bí àtúnṣe bá pọn dandan, ẹ dúró de ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ wọn bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe jìn tó, kí géètì sì wà ní títì ní gbogbo ọjọ́ tí kòtò náà bá fi ṣófo, nítorí pé ọmọ tó bá já sínú kòtò gbígbẹ tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ yóò bá kọnkéré pàdé. Mo lè yà bá yín lọ́jọ́ Sátidé láti wo ìdérí ihò ìsàlẹ̀ yẹn bí ẹ bá ti pa pọ́ǹpù dè mí.